Ìrànrán Kì í Ṣe Wèrè

Èdè Yorùbá jẹ́ ọlọ́rọ̀ nínú orúkọ tí ó fi ń pe àìlera. Bí ilẹ̀ bá ń yí lójú ẹnìkan, a ó ní òòyì ń kọ́ ọ. Bí ó bá ṣubú lulẹ̀, tí kò sì mọ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, a ó ní ó dákú. Bí ọmọ kékeré bá ń gbọ̀n, tí ó ń ta ọwọ́ ta ẹsẹ̀, a ó ní gìrì mú un. Bí irú rẹ̀ bá sì ń ṣe àgbàlagbà lóòrèkóòrè, a ó ní wárápá ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò ní ipò láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó ń rìn káàkiri ìgboro nínú àkísà, wèrè ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn kan wà tí àwọn baba wa yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lánàá, tí àìsàn dé sí lónìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí, tí ó ń rí ẹni tí kò sí nínú yàrá, tí ó sì ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ìrànrán ni wọ́n pe èyí. Wọn kò pè é ní wèrè.

Ó yẹ kí a tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó ti ń ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí mo ń gbọ́ jù lọ ní òpópó ni pé, "Orí rẹ̀ ti dàrú," tàbí pé, "Ó ti ya wèrè." Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun eré. Orúkọ tí a bá sọ àìsàn ni ó ń darí ẹsẹ̀ wa sí ibi tí a ó gbé aláìsàn lọ. Ẹni tí a bá pè ní wèrè, okùn ni a ó wá kiri fún un. Ẹni tí a bá pè ní ọ̀mùtí, a ó ní kí ó lọ sùn títí ọtí yóò fi dá lójú rẹ̀. Ẹni tí a bá ní ayé ni ó ń ṣe é, ọ̀nà ilé adáhunṣe tàbí ti orí òkè àdúrà ni a ó bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ pé ìrànrán ni ó ń ṣe, ìbéèrè kan ni yóò tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Kí ni ó ń ṣe é lára?" Ìbéèrè kékeré yìí ni ó máa ń gba ẹ̀mí là.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìrànrán? Àwọn oníṣègùn fi àmì mẹ́ta hàn wá. Èkíní ni pé òjijì ni ó máa ń dé. Kì í gba oṣù tàbí ọdún. Láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ pé yóò yí padà. Èkejì ni pé a máa lọ, a sì máa bọ̀. Aláìsàn lè dáhùn dáadáa ní òwúrọ̀, kí ó má mọ ọmọ tí ó bí mọ́ ní alẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé ọkàn rẹ̀ kò lè dúró sójú kan. Bí a bá ní kí ó ka àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, Àìkú, Àbámẹ́ta, Ẹtì, yóò bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó dé Ọjọ́rú, yóò ti gbàgbé ohun tí a ní kí ó ṣe. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ṣe ìrànrán ni ó ń pariwo. Àwọn mìíràn a dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọn a máa tòògbé, wọn a máa wo ògiri. Àwọn wọ̀nyí ni a máa ń gbójú fò jù, pàápàá bí wọ́n bá jẹ́ arúgbó, nítorí pé a ó sọ pé ogbó ni. Ṣùgbọ́n ogbó kì í dé láàárín alẹ́ ọjọ́ kan àti òwúrọ̀ rẹ̀.

Èmi kò sọ èyí láti fi wèrè ṣe ẹlẹ́yà. Wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Àìsàn ni òun náà, ó sì ní ìtọ́jú. Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tí a bí ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àrò ní ọdún 1954. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, láìsí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ wọn. Iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí a bá gbé ẹni tí ń ṣe ìrànrán lọ sí ibi tí a ti ń tọ́jú wèrè, ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ lè pa á kí ẹnikẹ́ni tó wádìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àkókò ọyẹ́, bàbá kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Káfíńtà ni kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí. Kì í mutí, kì í pẹ́ dé ibi tí ó bá ṣe àdéhùn sí, bí ó bá sì sọ pé pákó kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kò sí ẹni tí ó ń tún un wọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a rí i ní iwájú ilé rẹ̀ tí ó wọ bùbá ní òdì, tí ó mú téèpù ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń wọn ògiri. Ó ń pe nọ́ńbà tí kò bá ohun tí ó ń wọ̀n mu. Ó ní ibùsùn ìyàwó kò gbọdọ̀ má parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí aya rẹ̀ di í lọ́wọ́ mú, orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó ti kú láti ogún ọdún ni ó fi pè é.

Àwọn ará àdúgbò péjọ. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá ti fi ọtí ṣe oúnjẹ àárọ̀." Ìyá kan mi orí, ó ní ayé ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun mọ ilé kan ní ẹ̀yìn ìlú níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí orí rẹ̀ yóò sì wálé kí oṣù tó lé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tí ó ti sọ àìsàn náà, kò sì sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kan aláìsàn.

Ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ sún mọ́ bàbá náà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. N kò mọ̀ bóyá ayé ni tàbí ọtí ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ Bàbá bí ó ti tutù rinrin. Gbogbo wa ni a fi aṣọ bora nínú ọyẹ́ yìí, àwọn nìkan ni wọ́n ń làágùn." Ọ̀rọ̀ náà mú gbogbo ènìyàn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ìyàwó Bàbá, ó ní, "Màmá, oògùn wo ni wọ́n ń lò?" Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Màmá sáré wọlé pẹ̀lú omijé lójú, ó sì gbé àpò ọ̀rá tí gbogbo oògùn ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jáde. Mo gbé ọkọ̀ mi, a sì gbọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ohun tí dókítà tí a bá níbẹ̀ ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn gígùn, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú sí Bàbá tí ó ń já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fetí sí èémí rẹ̀, ó sì wò bóyá ohunkóhun há sí i lọ́fun. Ó ka iye ìgbà tí ó ń mí. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ kékeré kan há ìka rẹ̀ láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tí ń gbé ẹ̀mí ró tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó fi òmíràn wé apá rẹ̀ láti wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Lẹ́yìn èyí, kí a tó ka ìṣẹ́jú márùn-ún láti ìgbà tí a dé, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún orí ìka rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sí ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà. Nọ́ńbà tí ó yọ ni 31.

Dókítà ṣàlàyé nọ́ńbà yìí fún wa lẹ́yìn náà. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 70 lọ lára ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Bí ó bá sì ti kéré sí 54, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀, tí ó jẹ́ pé 3.9 ni wọn yóò kọ dípò 70. Ọpọlọ ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, òun nìkan ni ó ń ná nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni olórí oúnjẹ rẹ̀, kò sì ní àká tí ó lè kó o pamọ́ sí. Bí oúnjẹ yìí bá ń tán lọ, ara a máa lu agogo ìdágìrì: òógùn a bò ó, ọwọ́ a máa gbọ̀n, àyà a máa lù kìkì. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ agogo náà, ọpọlọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìwà hù. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, gìrì lè dé, aláìsàn lè sùn kí ó má jí mọ́, tàbí kí ó jí kí ọpọlọ rẹ̀ má sì pé mọ́.

Wọ́n fi omi ṣúgà sí iṣan Bàbá. Bí ó ti ń wọlé, dókítà kò káwọ́ gbera. Ó tan iná sí ojú méjèèjì láti wo ọmọlójú rẹ̀. Ó ní kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ó bá lè ṣe é, ó sì wò bóyá ẹnu rẹ̀ ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fọwọ́ tú irun orí rẹ̀ wò bóyá ó fi orí gbá nǹkan. Ó tẹ ọrùn rẹ̀ síwájú láti mọ̀ bóyá ó gan. Wọ́n wọn ooru ara rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ láti wá ibà nínú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ tí ó fi ń wá ohun mìíràn nígbà tí ọwọ́ ti tẹ ọ̀kan. Ó dá mi lóhùn pé, "Sà, olè kan lè wà nínú yàrá, kí èkejì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Kí ni gbogbo yín ń wá níbí? Ta ni ó mú téèpù mi?" Màmá bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Dókítà tú àpò ọ̀rá náà sórí tábìlì. Ó rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì rí oògùn àtọ̀gbẹ tí à ń pè ní glibenclamide. Ó wá jẹ́ pé inú ti ń yọ Bàbá lẹ́nu fún ọjọ́ méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kò lè jẹun rárá, ṣùgbọ́n ó lo oògùn rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé a kì í fi oògùn àtọ̀gbẹ sílẹ̀. Oògùn yìí a máa fa ṣúgà wálẹ̀ yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Lára àgbàlagbà, tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára bí ti àtijọ́, a sì máa pẹ́ kí ó tó jáde. Nítorí ìdí èyí, nígbà tí Bàbá ní ara òun ti le, tí ó sì fẹ́ máa lọ sílé, dókítà kò gbà. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sùn tì wá lónìí. Ṣúgà tí a fún yín yóò tán kí oògùn tó tán lára yín." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ṣúgà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú nọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀, wọ́n sì tètè dá a dúró. Bí ó bá ṣe pé ilé ni ó sùn, ta ni ì bá mọ̀ nínú òkùnkùn?

Ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn fi ń wọn irú àìsàn yìí wú èmi olùkọ́ lórí púpọ̀, nítorí pé máàkì ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, oníṣègùn méjì ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Lílajú ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ sísọ ní 5, mímú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹni tí ó bá gba èyí tí ó kéré jù lọ yóò ní 3. Ẹni tí ó lajú sílẹ̀, tí ó ń ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu, máàkì kan ṣoṣo ni yóò pàdánù. Yóò gba 14. Ní kíláàsì mi, bí ọmọ kan bá gba 14 nínú 15, àtẹ́wọ́ ni a ó pa fún un. Ní ilé ìwòsàn, máàkì kan tí ó dín yìí lè jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni Royal College of Physicians ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe tún ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ aláìsàn ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Nínú ìwé yẹn, bí máàkì bá ti pọ̀ tó ni ewu pọ̀ tó. Wọ́n fi ìrànrán tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kún àwọn àmì inú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní 3, èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí àmì kan ṣoṣo lè gbà.

Ẹ má rò pé ṣúgà nìkan ni ó ń fa ìrànrán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri lè wọ ọpọlọ, pàápàá ti ọmọdé. Ara ọmọ yóò gbóná, gìrì yóò tẹ̀lé e, kò sì ní mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ibà tí ó bá mú kí ọrùn gan, tí aláìsàn kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, lè jẹ́ pé awọ tí ó bo ọpọlọ ni kòkòrò wọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ lè ká ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, àwọn tí kò mọ̀ a sì ní ó ń ṣe ìrànrán. Oògùn kan wà tí ó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì irú àrùn yìí, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ sí ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni a máa ń fún aláìsàn. Arúgbó tí ó ṣubú tí ó sì fi orí gbá ilẹ̀ lè dìde kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbárí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pòrúùrù. Àìsàn inú ilé ìtọ̀ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró lè dà á láàmú bẹ́ẹ̀ láìsí ibà rárá. Oògùn oorun, àti àwọn oògùn kan tí a ń rà fún ọ̀fìnkìn tàbí ara yíyún, lè ṣe é bákan náà.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ pa pọ̀, tí orí ń fọ́ wọn, tí èébì sì ń gbé wọn, ẹ gbé wọn bọ́ sí gbangba kí ẹ tó ronú nípa ohun mìíràn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka pàápàá lè sọ pé kò sí ewu nígbà tí ewu wà, nítorí pé kò mọ afẹ́fẹ́ búburú yìí yàtọ̀ sí èyí tí ń gbé ẹ̀mí ró. Ní ti ọtí, òórùn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí àìsàn mìíràn. Ọ̀mùtí náà ní orí tí ó lè fi gbá ilẹ̀, ó sì ní ṣúgà tí ó lè tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ó kan iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn ẹnìkan pé, èdè rẹ̀ ni a gbọdọ̀ fi bi í. Bàbá àgbà tí a fi èdè Òyìnbó bi pé ọjọ́ kélòó oṣù ni òní lè má dáhùn. Èyí kò sọ pé ó ń ṣe ìrànrán. Dókítà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ èyí. Nígbà tí ó fẹ́ dán Bàbá wò lẹ́yìn tí ó jí, ó ní, "Bàbá, ọjà ìlú wa, ṣé ó ti kọjá ni tàbí ó ń bọ̀?" Bàbá ṣírò rẹ̀, ó sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni adití kan wà, tí kò gbọ́ ìbéèrè. Olójú dídùn kan wà, tí wọ́n gbàgbé jígí rẹ̀ sílé. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má baà pe àìgbọ́ àti àìríran ní ìrànrán.

Kí wá ni ojúṣe tiyín, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe dókítà? Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níṣojú yín, ẹ má fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí ó bá ń tòògbé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe epo, ìbáà ṣe àgbo. Èyí tí ó burú jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí àwọn kan máa ń fún ọmọ tí gìrì mú, nítorí pé àgbo náà fúnra rẹ̀ lè fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé aláìsàn ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí ó sì lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ fún un ní omi tí a po ṣúgà sí, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó máa gbà á lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún dókítà pé, "Orí rẹ̀ ti dàrú," kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ bí ó ti rí lánàá. Ẹ sọ ohun tí ó jẹ, ohun tí ó mu, oògùn tí ó lò àti àgbo tí ó fi kún un. Ẹ sọ bóyá ó ṣubú, bóyá ó ní ibà, bóyá gìrì mú un. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, pẹ̀lú páálí wọn. Aláìsàn kò lè sọ tẹnu rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Ẹ̀yin ni ẹnu rẹ̀. Dókítà lè ní ẹ̀rọ tí ó ń wo inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí ó lè sọ irú ènìyàn tí aláìsàn jẹ́ ní àná. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó lè sọ pé, "Kì í ṣe báyìí ni bàbá mi ṣe máa ń ṣe." Gbólóhùn yìí wúlò ju ọgọ́rùn-ún àbá lọ.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ náà ìrànrán sílẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà, wọn kò sì rí inú agbárí rí. Síbẹ̀, wọ́n jókòó ti aláìsàn pẹ́ tó láti mọ̀ pé ọkàn lè ṣáko lọ nítorí pé ara ń jìyà, àti pé bí a bá tọ́jú ara, ọkàn lè padà wálé. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n dì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sọnù lẹ́nu yín, nítorí ọjọ́ kan lè dé tí ẹ̀mí ẹni tí ẹ fẹ́ràn yóò wà nínú yíyàn láàárín ọ̀rọ̀ méjì.